Kí ẹ tó tún ra díìsì bíréèkì, ẹ wo ojú họ́ọ̀bù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sítíárìn ń gbọ̀n mọ́ yín lọ́wọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí ìdagẹ̀rẹ̀, pé mẹkáníìkì sì ní kí ẹ tún páàdì rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ọ̀rọ̀ díìsì lèyí jọ, irin róbótó tí páàdì máa ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró. Ọ̀nà Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni mo ń fi Camry ná, ẹ sì mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe rí. Bíréèkì tí kò dáa kì í fara sin níbẹ̀.

Ẹ tú táyà, kí ẹ wo ara díìsì dáadáa. Wọ́n máa ń tẹ MIN TH àti nọ́ńbà kan sí i; ìwọ̀n tó fẹ́lẹ́ jù tí díìsì náà lè dé nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 26 mm, tí tiyín sì ti fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ ha á. Kò lè gba ooru mọ́, ó sì lè sán. Méjèèjì iwájú lẹ ó jọ pààrọ̀, pẹ̀lú páàdì tuntun.

Ohun tó jẹ mí lówó gan-an rèé. Wọ́n fi díìsì tuntun sí ọkọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó dùn ún wà. Nígbà tó yá, gbígbọ̀n tún dé. Gbogbo èèyàn ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Àgbà mẹkáníìkì kan ní Ìsọ̀kùn ló tú u, tó ní kí n fi ìka kan ojú họ́ọ̀bù, irin tí díìsì jókòó lé: ìpẹtà ti dì mọ́ ọn gbàgìgbàgì. Díìsì kò jókòó dọ́gba. Bó ṣe ń yí ni ibì kan rẹ̀ ń nu páàdì, títí ibẹ̀ fi fẹ́lẹ́ ju ibi tó kù lọ. Baba fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha họ́ọ̀bù náà títí irin fi ń dán, kó tó fi díìsì mìíràn sí i. Láti ìgbà náà, ìdúró ni mo máa ń dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń ṣe é.

Kí wọ́n fọ òróró ara díìsì tuntun kúrò. Kí kálípà, irin tó di páàdì mú, má rọ̀ sórí họ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà; wáyà ni kí wọ́n fi so ó rọ̀. Nọ́ọ̀tì táyà ńkọ́? Kí wọ́n máa fún èyí tó kọjú síra tẹ̀ lé ara wọn, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́; 103 Nm, ìyẹn bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó, ni ti Camry. Fọgánáísà tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ gun sípánà, ẹ dá a dúró.

Kí ẹ tó wa ọkọ̀ rárá, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń wọlẹ̀ lọ ni. Lẹ́yìn náà, níbi tó tẹ́jú, ẹ sáré dé 60 km/h, ẹ rọra tẹ bíréèkì títí eré yóò fi wálẹ̀ dé 20, ẹ má dúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa tutù láàárín.

Tí ẹ bá ti wọn díìsì yẹn, ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí, àti ọdún ọkọ̀ náà.