Bàtà dúdú fún iṣẹ́ ìdúró: kó o tó náwó, jọ̀ọ́ ka èyí

Àbúrò mi, o ní ilé ìtajà ńlá kan l'Ábẹ́òkúta níbí ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé orí ìdúró lo máa wà láti àárọ̀ dalẹ́, pé bàtà dúdú ni wọ́n sì ní kẹ́ ẹ máa wọ̀. O wá ń béèrè bóyá kó o ra èyí tó fi nọ́ńbà kan ju ẹsẹ̀ rẹ lọ, àti bóyá bàtà pẹlẹbẹ ló dáa jù. Mo ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Pańṣẹ́kẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ojú mi rí nǹkan níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ojú tìẹ náà rí i.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé bàtà pẹlẹbẹ ló tura jù, má dá a lóhùn. Bàtà pẹlẹbẹ tí abẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, irú kọ́fà ṣúù tí wọ́n ń tò sílẹ̀ rẹpẹtẹ ní Kútọ̀ yẹn, òun gan-an ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́. Ilé iṣẹ́ ló rà á fún wa pọ̀ mọ́ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wa. Ọ̀gá wa ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni ní ìjókòó, kódà kí oníbàárà kankan má sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tí èèyàn bá wọlé tó bá wa lórí àga, á ní ọ̀lẹ ni wá. Orí táìsì la sì ń dúró lé, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Ibi iṣẹ́ kọ́ ni ìrora náà ti kọ́kọ́ mú mi. Mo jí láàárọ̀, mo gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, àfi bí ẹni pé wọ́n gbá ìṣó mọ́ mi ní gìgísẹ̀. Mo yáa di ògiri mú. Nígbà tí mo rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀, ó rọlẹ̀, mo ní ó ti lọ nìyẹn. Irọ́ ni. Tí mo bá jókòó sínú mọ́tò láti Lafẹ́nwá, bí mo bá ṣe fẹ́ sọ̀ báyìí, á tún gbé e dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣó yẹn náà ni. Èyí tó wá dùn mí jù ni ìkúnlẹ̀. Tó o bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ìka ẹsẹ̀ rẹ máa ká sẹ́yìn, tí wọ́n bá sì ti ká báyẹn, abẹ́ ẹsẹ̀ máa fà títí dé gìgísẹ̀. Mi ò lè kúnlẹ̀ dáadáa mọ́. Mo máa ń tẹ orúnkún díẹ̀, màá tún yára dìde. Ìyá ọkọ mi gbà pé owó tí mo ń rí ló ń gùn mí. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Orí ìdúró ni mo ti gba káàdì, orí ìdúró ni mo ti sanwó, orí ìdúró náà ni mo wà kó tó kàn mí. Dókítà ò wo ẹsẹ̀ mi rárá. Ó kọ ìwé pé kí n lọ ya X-ray. Nígbà tí mo mú un dé, ó ní egungun kékeré kan ti yọ ní gìgísẹ̀, pé òun ló ń dà mí láàmú, pé kí n dín sísanra kù, pé tí kò bá lọ, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Ó kọ oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní Ibuprofen fún mi, ó ní kí n máa lọ. Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni egungun yẹn wà ní gìgísẹ̀ wọn tí nǹkan kan ò dùn wọ́n. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi níwájú wọn, ẹnikẹ́ni ò wò ó.

Ibuprofen yẹn ńkọ́, má sọ ọ́ di oúnjẹ. Ó lè dá egbò sí èèyàn níkùn, pàápàá tó o bá ń lò ó lófìfo kó o lè tètè débi iṣẹ́. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń mu ún láràárọ̀ bí ẹní ń mu tíì. Inú rírun ló gbẹ̀yìn ẹ̀.

Onífisiotẹ́rápì kan, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale àti ọwọ́ tọ́jú ìrora ara, ní ilé ìwòsàn mìíràn ló tó béèrè bàtà lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbàlagbà kan ni. Mo bọ́ ọ, ó gbà á, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì di imú rẹ̀, ó tì wọ́n síra. Bàtà ká sí méjì láàárín gbùngbùn. Ó tún fi ọwọ́ méjèèjì fún un, ó yí po. Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò gbé ọ dúró rárá, ìwọ lò ń gbé e." Ó wá ṣàlàyé pé iṣan tó nípọn kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ta láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka, òun ló ń di kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ mú. Tó o bá dúró lórí ilẹ̀ líle pẹ́, tí bàtà ò gbà á sílẹ̀, á máa ya díẹ̀díẹ̀ ní gìgísẹ̀. Tó o bá sùn, á sún kì. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi máa ń le jù.

Ohun tó ní kí n ṣe ò gbówó lórí. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n fọwọ́ fa ìka ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn síhà ojúgun. Kí n fọwọ́ ti ògiri, kí n na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí n kà dé 30. Kí n di omi sínú ike, kó dì nínú fìríìsà, kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lálẹ́. Kí n má sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí táìsì nínú ilé. Èyí ló ṣòro jù, torí ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà nílé wa, mo fi ní láti ra sílípáàsì tó nípọn fún inú ilé nìkan. Ó gbà mí lóṣù púpọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ń ṣe é déédéé máa ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ. Ó dùn mí pé dókítà yẹn fi ọ̀bẹ dẹ́rù bà mí lásán.

Tí ẹsẹ̀ rẹ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dùn ọ́, má pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, torí bàtà lè dá egbò sí i lẹ́sẹ̀ kó má mọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà gan-an. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ rà á, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Dìde dúró wọ méjèèjì, ẹsẹ̀ kan sábà máa ń ju èkejì lọ, èyí tó tóbi ni kó o bá lọ. Kí àyè àtàǹpàkò ọwọ́ kan wà níwájú ìka tó gùn jù. Iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí ẹ̀yìn le, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí abẹ́ rẹ̀ má yọ̀. Ká a bí ìyá yẹn ṣe ká tèmi: ibi tí ọmọ ìka ti ń ká nìkan ló yẹ kó ti ká.

Ti nọ́ńbà, rárá o. Láti 39 sí 40 fi díẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, tí 39 bá bá ọ mu, 40 á máa já lẹ́sẹ̀ rẹ, ìka ẹsẹ̀ á wá máa ká kòtò láti dì í mú láti àárọ̀ dalẹ́. Bàtà olókùn ni kó o wá, kó o lè tú u díẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá wú. Tí oníbàtà bá sì ní "á là tó o bá wọ̀ ọ́ pẹ́," fi í sílẹ̀ fún un. Bàtà tó bá ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, á ta ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi iṣẹ́. Òkìríkà dáa nígbà mìíràn, ojúlówó máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yí i padà wo abẹ́ rẹ̀. Tó bá ti jẹ sápá kan, ìrìn ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, á sì tẹ ẹsẹ̀ tìẹ síbẹ̀ náà. Fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń tà pé kéèyàn máa tẹ́ sínú bàtà, kì í pẹ́ tó fi ń pẹlẹbẹ.

Níbi iṣẹ́, ẹ tẹ́ páálí oníhò tó nípọn sẹ́yìn káńtà. Ọ̀gá wa kó tiwa dànù, a tún tẹ́ òmíràn, nígbà tó yá ó dákẹ́. Tó o bá rí kéréètì mínírà, dojú ẹ̀ dé sílẹ̀, máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kó o máa pààrọ̀ wọn. Ẹ̀yìn rẹ náà á gbádùn ẹ̀.

Kó o tó ná kọ́bọ̀, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n gba kánfáàsì dúdú tí kò ní funfun lára. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń gbà á tó bá ti dúdú látòkè délẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ wá tó bá jẹ́ èmi ni. Tí owó bá ká a, ra méjì kó o máa pààrọ̀ wọn, torí òógùn kì í gbẹ tán nínú bàtà mọ́jú. Kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé fún alẹ́ bíi mélòó kan, lórí ilẹ̀ tó mọ́, kí abẹ́ rẹ̀ má dọ̀tí, kó o sì ti bá oníbàtà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé tí kò bá bá ọ mu, á pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ.