Ẹ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ná

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ìyá wa. Ẹ ní arábìnrin kan nínú ìjọ yín ní ọmọ ọdún 4 tí kò lè jókòó, pé ẹ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un, ẹ ra aṣọ, ẹ dá owó jọ, síbẹ̀ ìyá náà kò wá sí ìpàdé mọ́. Ẹ ń béèrè ohun tí ẹ ṣe tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 11. Ibà pọ́njú ló ṣe é ní ọjọ́ kẹta tí mo bí i. Wọ́n ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ìgbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ó ti wọ inú ọpọlọ. Cerebral palsy ni dókítà pè é: ọpọlọ tó fara pa, tí kò lè darí iṣan ara dáadáa.

Nínú ìjọ tí mo wà nígbà náà, gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń pè wá síwájú pẹpẹ. Wọ́n á gbé e dúró, wọ́n á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú pé kó rìn. Bí ariwo bá sì ti ta irú ọmọ yẹn, ṣe ni gbogbo iṣan ara rẹ̀ máa ń fà. Ẹsẹ̀ á le gbagidi bí igi. Ọmọ á figbe ta, ìjọ á ké Halelúyà, èmi á máa wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n ronú ohun tí mo ṣe sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù béèrè irú rẹ̀ nípa afọ́jú inú Jòhánù orí kẹsàn-án, ó sì dá wọn lóhùn pé kì í ṣe ọkùnrin náà ló ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ka ibẹ̀ sí mi létí rí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n dá oògùn gìrì rẹ̀ dúró, kí n fi ìgbàgbọ́ hàn. Mo gbọ́ràn. Ní ọjọ́ kejì, gìrì gbé e láti ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbá, kò sì dá a sílẹ̀ títí a fi rí Márúwá tó gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ẹ dákun, ẹ sọ fún pásítọ̀ yín àti gbogbo àwọn alágbàdúrà: ọmọ tó ń lo oògùn wárápá, ẹ má ní kó dá a dúró lójijì. Ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Àlàájà kan ni, inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé ní Apáta. Ó ń ti asalátù bọ̀, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tíì wẹ̀ láti àná. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó nawọ́, ó ní, "Gbé e wá, lọ wẹ̀." Mo wẹ̀ tán, mo dojú korobá dé, mo jókòó lé e, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo jáde, ọmọ ti sùn sí i láyà. Ní Sọ́ńdè kejì, ó tún wá, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ.

Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ògì tí ọmọ mìíràn máa mu ní ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 45 ni tèmi. Ẹ ó gbé e jókòó ṣánṣán, orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dà sẹ́yìn. Ògì náà gbọ́dọ̀ ki, kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ṣíbí kékeré, ẹ ó fi ìka ti àgbọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè pa dé, ẹ ó dúró títí tó fi máa gbé e mì, kí ẹ tó bu òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ìgbà wo ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ fẹ́ ráyè ìpàdé?

Aṣọ tí ẹ rà dáa. Owó dáa gan-an, ìledìí nìkan ń jẹ owó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ la ò ní. Ẹ yan obìnrin méjì péré, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà àti bó ṣe ń jẹun, kí wọ́n wá máa lọ lọ́jọ́ tí kì í yẹ̀, fún wákàtí méjì, kí ìyá rẹ̀ lè lọ sọ́jà tàbí kó sùn. Àwọn bàbá ìjọ náà, kí wọ́n wá ọkọ rẹ̀ rí. Gbogbo ọkùnrin tó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kó fẹ́ ìyàwó mìíràn ni wọ́n ń sọ fún un.

Nínú ìjọ tí a wà báyìí, àwọn bàbá fi kọnkéré ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Bíríkìlà fẹ́ ṣe é kúkurú. A ní rárá: bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn tó 12, kí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ má baà dojú dé. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2019, kúkú ti ní kí àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ṣe é láàárín ọdún 5. Àga ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni tiwa, ó jìnnà sí sípíkà. Ọmọkùnrin kan ló ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ mi lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọrin, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ẹ lọ bá arábìnrin yẹn nílé. Ẹ má kó èrò lẹ́yìn. Ẹ bi í ní orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ìgbà tó máa ń jẹun, kí ẹ wá padà lọ ní àsìkò oúnjẹ náà.