Ṣé "couth" wà nínú òyìnbó, àbí "uncouth" nìkan ló wà?

Ó wà o, àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí wọ́n tó jí i. Nínú òyìnbó ayé àtijọ́, cūth ni nǹkan táa mọ̀, uncūth wá ni èyí táa ò mọ̀ rí, àjèjì pátápátá, ibẹ̀ ló gbà di ẹni tí ò mọ̀wàá hù, ẹ sá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àjèjì lẹ́yìn. Couth táwọn kan fi ń ṣẹ̀fẹ̀ báyìí, nǹkan bíi 1896 ni wọ́n gé "un" yẹn kúrò. Nonchalant náà wà ńbẹ̀, "non" tiẹ̀ náà "kò" ni bíi "un" yẹn, Faransé ni, látinú calere èdè Látìn, ìyẹn kí nǹkan gbóná, nonchalant wá ni ẹni tí nǹkan kan ò gbóná fún, tí ò bìkítà. Inflammable nìkan ni kẹ́ẹ ṣọ́ra fún, "in" tiẹ̀ kì í ṣe "kò" rárá, nǹkan tó máa ń gbiná kíá ni, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù o.