Èsì: Bọ́tìnnì F2 tó kú kò ní kí o má rí Linux ṣí

Àbúrò mi ará Iléṣà, o ní F2, bọ́tìnnì tí o fi ń yan èyí tí kọ̀ǹpútà rẹ máa ṣí nínú Windows àti Linux, ti kú, pé inú Windows lo máa ń gbà kí o tó dé Linux. Má tíì ra kíbọ́ọ̀dù.

Wọ Linux, ṣí tẹ́mínà (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), tẹ `sudo efibootmgr`, àṣẹ tó ń to ohun tí kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ ṣí. Wàá rí BootOrder, ìyẹn ìtò náà, àti àwọn orúkọ bíi Boot0000 àti Boot0003. Ká ní Linux ni 0003, tí Windows jẹ́ 0000, kọ́kọ́ tẹ `sudo efibootmgr -n 0003`. Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn máa ṣiṣẹ́, nígbà tí o bá tún un tàn. Ìdánwò lásán ni. Tó bá gbà, wá tẹ `sudo efibootmgr -o 0003,0000`. Kọ gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ o, èyí tí o bá fò á jáde nínú ìtò.

Jọ̀ọ́, yàgò fún `-B`, píparẹ́ ni tirẹ̀. Mo fi pa Windows oníbàárà kan rẹ́ kúrò nínú ìtò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, Ifẹ̀ níbí. Àyà mi já, iná náà tún wá lọ! Fáìlì rẹ̀ ṣì wà pé, ṣùgbọ́n mo làágùn.

Àwọn kọ̀ǹpútà kan lágídí ṣá: o tò ó tán, wọ́n á tún gbé Windows síwájú. Bí tìrẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, fi ohun tí `efibootmgr -v` bá kọ ránṣẹ́ síbí.