Kí ẹ̀yin mẹ́ta tó kó fọ́tò Andromeda yín pọ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ìwọ wà ní Manchester, ọ̀rẹ́ rẹ kan wà ní Birmingham, ẹnì kẹta wà lẹ́bàá Brecon ní Wales, pé tí kálukú bá ya Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá tó wà lókè ọ̀run yẹn, fún wákàtí 20, ṣé ẹ lè pa á pọ̀ kó di wákàtí 60. Ẹ lè pa á pọ̀. Àmọ́ kò ní di 60. Ó ti pẹ́ tí èmi àtàwọn kan ti ń ṣe irú rẹ̀ láti Leicester níbí, ohun tí ojú wa ti rí ni màá sọ.

Gbogbo wa la kọ́kọ́ máa ń rò pé èsúsú ni: kálukú á dá tiẹ̀, a ó ṣà á jọ. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, náírà tèmi àti tìrẹ ò yàtọ̀ síra. Wákàtí kan ní Manchester kò tó wákàtí kan ní Brecon rárá. Láti 2013 ni wọ́n ti ka àgbègbè Brecon yẹn mọ́ ibi tí wọ́n ń dáàbò bo òkùnkùn ojú ọ̀run. Ní àárín ìlú ńlá, iná títì lè mú kí ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju tibẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àárín Andromeda kò ní ìṣòro, ibi yòówù kí èèyàn ti yà á, á jáde. Etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló ṣòro, nítorí etí yẹn gan-an lẹ sì ṣe ń wá wákàtí púpọ̀. Ariwo inú fọ́tò, ìyẹn àwọn àmì wíńtíwíńtí tó máa ń bo ohun tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, kì í tètè lọ: kó tó lè dín kù sí ìdajì, àfi kí ẹ sọ àkókò di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ẹ bá wá da ti Manchester mọ́ ti Brecon láìwọ̀n wọ́n, ti Brecon lẹ máa bà jẹ́. Siril àti PixInsight, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń pa fọ́tò ojú ọ̀run pọ̀, máa ń wọn ariwo tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fún un ní ìpín tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹni tí ìpín rẹ̀ kéré má sì bínú. (Wọ́n máa ń bínú o.)

O lè wá ní kí wá ni èrè àjọṣe. Ẹ̀rí ni.

Ní 2022, Yann Sainty ní Faransé ya Andromeda fún ohun tó lé ní wákàtí 100. Télískóòpù tó lò kì í ṣe àgbà, ẹnu rẹ̀ ò ju 106 mm lọ. Ó fi fílítà kan sí i tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ọ́síjìn nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Ibẹ̀ ni òun àti Xavier Strottner, pẹ̀lú Marcel Drechsler tó wà ní Jámánì, ti rí ìlà gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Andromeda, tí gígùn rẹ̀ tó òṣùpá mẹ́ta tí a tò tẹ̀ léra. Ohun tí aráyé ti ń yà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sẹ́ni tó rí ìlà yẹn rí! Wọn ò sáré kéde. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn mìíràn fi télískóòpù àti kámẹ́rà tiwọn yà á, torí ó lè jẹ́ gíláàsì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ó hàn sí àwọn yẹn náà, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù kìíní 2023. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí i pé inú Milky Way, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa tí ayé yìí wà nínú rẹ̀, ni ìlà náà wà, kì í ṣe lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ Andromeda tó jìnnà tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún ìmọ́lẹ̀. Ibi yòówù kó wà, ó wà.

Òdìkejì ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Àbàwọ́n búlúù kan jáde nítòsí ìràwọ̀ Nu Andromedae, ó rí róbótó, ó dùn ún wò. Ẹnì kan nínú wa ti ń ronú orúkọ tí a ó sọ ọ́. Ẹni wa tó wà ní Norfolk, tí télískóòpù tirẹ̀ jẹ́ onídígí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. A ní kí ẹni tó ya àbàwọ́n yẹn sún télískóòpù rẹ̀ díẹ̀ kó tún un yà, ni àbàwọ́n bá kúrò níbi tó wà. Fílítà ló ń ta ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ padà. Ká ní irú télískóòpù kan náà ni gbogbo wa ń lò, a ò bá máa yọ̀ di òní. Torí náà, àwọn tó ń sọ fún yín pé kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra irú kan náà, èmi ò bá wọn gbà á.

Ohun tó yẹ kó bára mu ni igun tí kámẹ́rà kọjú sí. Kí kálukú sì ya flat tirẹ̀, ìyẹn fọ́tò ìmọ́lẹ̀ lásán tí a fi ń yọ òjìji eruku kúrò, lálẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ gan-an, kó tó tú kámẹ́rà kúrò. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ni èmi ń lò: mo máa ń fà á le bo ẹnu télískóòpù, kó má kájọ níbì kankan, màá fi rọ́bà dè é, màá wá kọjú rẹ̀ sókè nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ tí oòrùn ò tíì yọ. Láìsí flat, òjìji eruku tó wà lórí gíláàsì yóò dàbí etí Andromeda, ẹ ó sì máa jiyàn lé eruku lórí. Kálukú á fọ fáìlì tirẹ̀, á pa á pọ̀, á fi FITS (irú fáìlì tí a fi ń tọ́jú fọ́tò ojú ọ̀run) tí kò tíì mú mọ́lẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni bá fi JPEG ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ bá mi dá a padà.

Ẹ dúró di oṣù kẹsàn-án. Láti àárín oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù keje, ilẹ̀ kì í ṣú tán níbí, ẹ má fi oorun yín ṣòfò. Ẹ sì yẹra fún òṣùpá àrànmọ́jú.

O ò sọ irú kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun, ra fílítà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ háídírójìn nìkan kọjá, tí àyè tó fi sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ há, bíi 3 nm, kí ìwọ máa fi ya àwọn ibi pupa tí ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde lára apá Andromeda. Iná títì Manchester ò ní fi bẹ́ẹ̀ dí ọ lọ́wọ́. Kí ti Brecon máa ya àwọ̀. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà aláwọ̀ ni, kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí o tó náwó sí fílítà kankan.