Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí n sá kìlómítà àkọ́kọ́ tagbára-tagbára kí n lè ní àkókò lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí màá sá ìje kìlómítà 5 létí òkun. A ó gba ẹ̀bá òkun lọ, a ó yí padà ní ìdajì, a ó sì gba ibi tí a gbà lọ bọ̀. Apá kan ọ̀nà náà jẹ́ iyanrìn. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Ìṣẹ́jú 31 àti sẹ́kọ́ǹdù 30 ni mo fi ń sá a báyìí. Ẹni tó ń kó wa sáré ní kí n sá kìlómítà àkọ́kọ́ tagbára-tagbára, kí n ti ní àkókò lọ́wọ́ kó tó rẹ̀ mí. Ó ní ọ́síjìn pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ òkun ju ti ibòmíì lọ, kò ní tètè rẹ̀ mí. Ó tún ní bí atẹ́gùn bá dojú kọ mí ní àlọ, màá gbà á padà ní àbọ̀. Báwo ni kí n ṣe yára tó ní kìlómítà àkọ́kọ́ yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má yára rárá. Orí ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni ẹ gbé ìbéèrè yín kà, nítorí náà mi ò ní fún yín ní iye tí ẹ ń wá. Irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́, ó sì ń bí mi nínú. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí o. Àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n wá ń kọ́ wọn ní ohun tí yóò ba eré wọn jẹ́, àwọn ni mò ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn kò gba àkókò. Ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́, ì báà jẹ́ létí òkun, ì báà jẹ́ lórí òkè. Orí òkè gíga ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́lẹ́, tí èémí kan kì í gbé ọ́síjìn púpọ̀ wọlé. Bí ibi tí ẹ ti ń ṣe ìgbáradì kò bá ga fíofío, kò sí èrè kankan tí òkun máa fún yín. Ara kàn tù yín ni.

Ọ̀rọ̀ kìlómítà àkọ́kọ́ ló gba àlàyé. Ara kì í ṣe kóló. Ẹ ò lè ju sẹ́kọ́ǹdù 45 sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fọ́ ọ ná ní kìlómítà kẹrin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú 30 sá kìlómítà 5 gbọ́dọ̀ máa fi ìṣẹ́jú 6 sá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá 31:30 báyìí, ìṣẹ́jú 6 àti sẹ́kọ́ǹdù 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà yín. Ká ní ẹ ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ yín, tí ẹ sá àkọ́kọ́ ní 5:15. Ẹ ó wo aago, inú yín á dùn. Èkejì á di 6:10. Ẹ̀kẹta á di 6:30. Ẹ̀kẹrin á di 6:45, ẹ ó sì fi gbogbo ipá tó kù wọ́ ara yín dé ìparí ní 6:20. Ẹ ro ó pọ̀: ìṣẹ́jú 31 géérégé. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe sábà ń parí nìyẹn.

Ohun tó ń fà á rèé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kì í lè gbé ọ́síjìn tí iṣan ẹsẹ̀ ń fẹ́ dé lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó bá a. Ní gbogbo àsìkò yẹn, agbára tó wà nípamọ́ nínú iṣan fúnra rẹ̀, èyí tí kò nílò ọ́síjìn, ni ẹ fi ń dí àlàfo náà. Agbára náà kò pọ̀, àmọ́ kì í dun èèyàn bó ṣe ń ná an. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Ìdí nìyẹn tí kìlómítà àkọ́kọ́ fi ń rọrùn lójú gbogbo ènìyàn: èrò ń hó, ara ń yá gágá, ẹsẹ̀ fúyẹ́, ara kò sì tíì béèrè owó rẹ̀.

Bí ẹ bá ti sáré kọjá ibi tí ọ́síjìn yín lè gbé, inú iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, kò sì ní lè sún kì kó tún nà dáadáa mọ́. Àwọn kan á ní lactic acid, ìyẹn ohun kíkan kan tó ń jáde nínú iṣan, ló fà á, pé májèlé ni. Wọ́n á sì tà yín ní ohun tí wọ́n ní ó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Kì í ṣe májèlé. Lactate, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe gan-an lásìkò eré, jẹ́ oúnjẹ fún ọkàn àti fún àwọn iṣan míì, wọ́n ń jó o láti fi ṣiṣẹ́. Ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí iṣan tó ti kan padà bọ̀ sípò láàárín eré ni kí ẹ dín eré kù, kì í sì í ṣe díẹ̀. Sẹ́kọ́ǹdù 45 tí ẹ rò pé ẹ kó jọ, ẹ ó san án padà tèlé-tèlé.

Mo máa ń lọ dúró síbi kìlómítà kẹta nígbà ìje. Ẹni tó ti ná ara rẹ̀ tán níbẹ̀rẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Èjìká rẹ̀ á ti gòkè lọ bá etí, ọwọ́ á máa gba iwájú àyà kọjá sọ́tùn-ún sósì, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa balẹ̀ pàpàpà, á sì máa wo aago ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹni pé aago ló jẹ ẹ́ lówó. Àwọn tó fara balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á wá máa kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé wọ́n yára sí i rárá.

Ẹ tún wo àwọn tó mọ̀ ọ́n sá jù láyé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ní Monaco, Joshua Cheptegei, ọmọ Uganda, sá mítà 5,000 ní ìṣẹ́jú 12 àti sẹ́kọ́ǹdù 35.36. Ó fi gba ipò ẹni tó sá eré náà yára jù láyé lọ́wọ́ Kenenisa Bekele, ọmọ Ethiopia, tó ti wà nípò náà láti ọdún 2004. Ìṣẹ́jú 2 àti nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdù 31 ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan gbà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná kéékèèké tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń tọ́ ọ kó má baà yára jù, kó má sì fà sẹ́yìn. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà tó yá ju èyí lọ, òun ni ì bá kọ́kọ́ lò ó.

Ó wá ku atẹ́gùn, èyí tí wọ́n ní ẹ ó gbà padà ní àbọ̀. Ẹ ò ní gbà á padà tán. Ìṣẹ́jú 6 fún kìlómítà kan túmọ̀ sí kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, 10 náà ni afẹ́fẹ́ fi ń kọlù yín. Bí atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní 15 bá dojú kọ yín, ó di 25. Ìdènà afẹ́fẹ́ kì í sì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré afẹ́fẹ́. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká pe ìdènà ọjọ́ tí kò sí atẹ́gùn ní 100. Lójú atẹ́gùn 15 yẹn, ó di 625: ó ti fi 525 kún un. Ẹ wá yí padà. Atẹ́gùn kan náà ti wà lẹ́yìn yín, ẹ ń sá 10, 5 péré ló fi yá jù yín lọ. Ìdènà 100 kúrò, ó sì fi 25 tì yín. 125 ni gbogbo èrè yín. Ó gba 525 ní àlọ, ó dá 125 padà ní àbọ̀. Lóòótọ́, ní eré tiwa yìí, afẹ́fẹ́ kì í gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára wa lọ́jọ́ tó pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ohun kékeré tó di ìlọ́po mẹ́fà kì í ṣe kékeré mọ́.

Nítorí náà, lójú atẹ́gùn, ẹ gbàgbé aago, ẹ gbọ́ èémí yín. Ní kìlómítà àkọ́kọ́, ó yẹ kí ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kúkúrú kan láì já a sí méjì. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ ti yára jù, ohun yòówù tí aago ì báà máa wí. Ẹ wá ẹni tó ń sá irú eré yín, kó fẹ̀ jù yín lọ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan. Griffith Pugh, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí jáde ní 1971: ní eré àwọn tó ń sá ìwọ̀n àárín, ẹni tó wà ní mítà kan lẹ́yìn ẹlòmíì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé atẹ́gùn ń fẹ́, ọ́síjìn tó ń lò sì dín ní ìdá 6.5 nínú 100. Tiwa kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í yára tó wọn, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba ipò náà, ẹ má tijú.

Bí ọjọ́ náà bá pa rọ́rọ́: 6:03, 6:00, 6:00, 5:58, 5:50. Ìyẹn á fún yín ní 29:51. Bí atẹ́gùn díẹ̀ bá dojú kọ yín ní àlọ: 6:10, 6:10, 6:03, 5:50, 5:40, ẹ ó dé ní 29:53. Bó bá wá le débi tí ẹ ò lè sá 6:10 láì máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 lọ lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá fún yín ní àyè láti yan àsìkò, ẹ mú ti àárọ̀ kùtù. Ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ. Bí oòrùn bá ṣe ń mú, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra sókè, ti orí òkun á rọ́ wá dípò rẹ̀. Ọ̀sán ló máa ń le jù.

Ti iyanrìn: ìwádìí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1998 fi hàn pé sísáré lórí iyanrìn ń gba nǹkan bí ìlọ́po 1.6 agbára tí ilẹ̀ líle ń gbà. Ẹ má ṣe bá iyanrìn gbígbẹ jà láti tọ́jú àkókò yín. Ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, kí ẹ sì fara mọ́ ọn. Bí òkun bá ti fà sẹ́yìn, iyanrìn tútù tó wà nítòsí omi máa ń le dáadáa, ẹ gba ibẹ̀ bí òfin ìje bá gbà yín láyè. Ẹ bèèrè ìgbà tí òkun máa kún lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín kíkún kan àti òmíràn. Ẹ má bọ́ bàtà o, àyàfi bó bá ti mọ́ yín lára. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó so mọ́ gìgísẹ̀ kì í dárí ji ẹni tó bá bá a lójijì.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ọ̀nà tó kúrú jù ni wọ́n fi ń wọn ojú ìje. Bí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì láti ré àwọn èèyàn kọjá, tí ẹ fi mítà 50 kún un, sẹ́kọ́ǹdù 18 ti lọ nìyẹn. Ẹ dúró síbi tó yẹ yín láàárín èrò níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn pátápátá.

Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó? Mi ò ní tàn yín. Sẹ́kọ́ǹdù 18 lórí kìlómítà kan pọ̀. Bó bá jẹ́ pé eré burúkú tí ẹ yára jù níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ fi sá 31:30 yẹn, ó ṣeé ṣe. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 30:30 ni mo rí. Ẹ dán ara yín wò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: kìlómítà kan lẹ́ẹ̀márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 6, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Bí ìkarùn-ún kò bá lọ́ra ju èkíní lọ, ẹ ti wà nítòsí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ má sì wọ bàtà tuntun.

Omi? Ẹni tó ti mu omi bó ṣe yẹ kó tó gbéra kò nílò rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún atẹ́gùn òkun: ó máa ń gbẹ òógùn lára débi pé èèyàn kì í mọ̀ pé oòrùn ń pa òun. Bí orí bá ń fò yín lọ, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe àwọn olùtọ́jú. Ẹni tí àyà ń dùn bó bá ń sáré, ẹni tó ti dákú rí lórí eré, ẹni tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kú lójijì ní kékeré, kó lọ rí dókítà kó tó sá ohunkóhun. Mi ò tíì fojú rí yín, lẹ́tà mi kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìje. Iye tí ẹ fi sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe àpapọ̀ nìkan.