Kì í ṣe ata, mílíìkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún ní Malleswaram

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ ní ẹ ó sin bàbá yín lọ sí Bengaluru ní Íńdíà fún iṣẹ́ abẹ ojú, pé òwúrọ̀ méjì péré lọ́wọ́ yín máa dilẹ̀, ẹ sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn kiri àwọn búkà oúnjẹ àárọ̀ Malleswaram. Ẹ bi wá pé èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, ṣé wákàtí méjì á tó, àti pé ṣé ata wọn ò ní pọ̀ jù fún bàbá. Mo rí i tí àwọn kan ti sáré dáhùn pé ata ni kí ẹ bẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ohun tójú mi rí ní àdúgbò yẹn, mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì rí i.

Ọdún 2022 ni mo sin ìyá mi lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá la lò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí n má wá sí wọ́ọ̀dù kó tó di ọ̀sán, ni mo bá ní kí n jáde lọ jẹ nǹkan. Mo wọ métrò, mo sọ̀ ní ibùdó Mantri Square Sampige Road, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Àdúgbò náà ò ṣòroó rìn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1898 ni wọ́n la àwọn ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n là wọ́n gbọọrọ, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ àwọn tó dábùú, Cross ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ẹ bá ti ń rí i tí nọ́ńbà ń pọ̀ sí i, ẹ mọ̀ pé iwájú lẹ̀ ń lọ. Ọ̀nà Margosa ni kí ẹ gbà. Igi dóńgóyárò ni wọ́n fi sọ orúkọ yẹn.

Búkà CTR ní 7th Cross ni mo kọ́kọ́ yà sí, kí aago mẹ́jọ tó lù, ibẹ̀ náà ni kí ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀. Dosa, ìrẹsì àti ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì fi bọ́tà dín, ni gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ tò síbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó ń ró kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì fi pòtétò rírọ̀ sínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo mu kọfí lé e. Mo yà sí Janatha ní 8th Cross, mo tún jẹ dosa, mo tún mu kọfí. Mo rìn títí dé Veena Stores ní 15th Cross, níbi tí èèyàn ti ń gbé abọ́ lọ́wọ́ jẹun lẹ́bàá ọ̀nà. Idli wọn níbẹ̀, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí èèpo rẹ̀ dúdú ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú kó kan bí ògì, wọ́n á wá fi ooru omi sè é. Ó funfun báláú. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń ga padà. Vada ni àkàrà tiwọn, ẹ̀wà yẹn náà ni, wọ́n kàn dá ihò lu láàárín ni. Wọ́n á wá rọ́ chutney lé e lórí, àgbọn àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ pọ̀ tó ń ṣàn yí idli ká. Mo jẹ idli méjì àti vada kan, mo mu kọfí kẹta. Bí mo ṣe ń lọ, mo tún rí ẹnì kan tó ń ta mílíìkì gbígbóná tí wọ́n lọ èso álímọ́ńdì sí, mo rà á, mo mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kọfí yẹn, torí kì í ṣe irú èyí tí à ń po sínú omi gbígbóná nílé. Omi kọfí dúdú tó sẹ̀ láti inú asẹ́ irin, díẹ̀ ni wọ́n ń dà níbẹ̀. Mílíìkì tó ń hó ló pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀pù. Wọ́n á gbé e fún yín nínú kọ́ọ̀pù irin tó jókòó sínú abọ́ irin kékeré, ẹ ó máa dà á látinú ọ̀kan sínú èkejì kó lè tutù, títí ìfófòó á fi bo ojú rẹ̀. Ó dùn gan-an. Bí mo ṣe kó mẹ́ta mu nìyẹn.

Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé òrìṣà Kadu Malleshwara, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àdúgbò náà, nígbà tí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo rò pé afẹ́fẹ́ lásán ni. Ló bá lọ́ mi nífun bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ tútù, ó fi mí sílẹ̀, ó tún dé. Òógùn tútù bò mí. Mo béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó nawọ́ sí ti gbogbogbòò kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo débẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé tọ̀sán-tòru ló wà ní ṣíṣí. Ẹnì kan ń gbowó oṣù lórí ilé yẹn! Mo yà sí ilé ìfowópamọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní oníbàárà nìkan ló ń wọlé. Mo di ikùn mú níwájú ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Mo fẹ́ padà síbi tí mo ti jẹun, mo rántí pé ẹ̀rọ ìfọwọ́ nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ búkà ìdúró-jẹun ìlú yẹn ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oníbàárà, ẹ fi í sọ́kàn. Àwọn tó ń pe ara wọn ní afinimọ̀nà oúnjẹ, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àlejò, adùn ni wọ́n máa ń ròyìn. Ta ló sọ ibi tí èèyàn máa sá sí fún mi?

Ìyá olódòdó kan ló gbà mí. Ó jókòó sílẹ̀ létí ọ̀nà, ó ń so òdòdó funfun olóòórùn dídùn mọ́ okùn. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tà, láti ìgúnpá dé orí ìka, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wọn aṣọ. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Kannada, èdè ibẹ̀. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi òdòdó sílẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ gba inú kọ̀rọ̀ kan dé ilé rẹ̀. Garawa omi kan, ike kékeré kan, ilẹ̀kùn páànù. Mo lò ju ìdajì wákàtí lọ níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti gbé omi gbígbóná dúró dè mí, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń gbàdúrà fún ìyá yẹn di òní.

Ẹ wá gbọ́ ti dókítà. Ọjọ́ kẹta, inú ò tíì dúró, torí mo ṣì ń mu kọfí láràárọ̀ láìfura. Mo lọ rí dókítà kan. Kò bi mí ní ohun tí mo jẹ tàbí ohun tí mo mu. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní ẹ̀yin ará Áfíríkà, ata wa ti le jù fún yín. Fún èmi tí wọ́n fi ata rodo tọ́ dàgbà! Ó ní kí n má fẹnu kan ata fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n máa mu mílíìkì tútù láàárọ̀ àti lálẹ́ kó lè pa iná inú mi. Mo sanwó fún ìmọ̀ràn yẹn. Mo sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, mo rù débi pé ṣòkòtò ò dúró nídìí mi mọ́. Màmá tó yẹ kí n máa gbé dìde, òun ló wá ń tì mí láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kí n lọ dùbúlẹ̀.

Màmá náà ló rí ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti gbàgbé pé láti kékeré ni mílíìkì ti ń dà ọ́ láàmú ni? Ṣebí ògì láìsí mílíìkì lo mu dàgbà.” Mo já a sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó tó di ọjọ́ kejì, inú ti dúró.

Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá, tá a bá ti dàgbà, ikùn wa kì í lè da ṣúgà inú mílíìkì dáadáa mọ́. Èyí tí kò bá dà á máa kan nínú ìfun, á di afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ gbuuru. A kì í mọ̀ nílé torí díẹ̀ là ń kán sínú tíì. Wàrà tí à ń dín jẹ náà, omi rẹ̀ ti sẹ̀ dànù, ṣúgà yẹn sì ti bá omi lọ. Bọ́tà àti ghee, ìyẹn bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ, ò fi bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà yẹn, nítorí náà ẹ jẹ dosa yín. Mílíìkì mímu ni kí ẹ yẹra fún. Bí ọkàn yín bá fà sí kọfí, ẹ ní “by two”, wọ́n á pín ẹyọ kan sí kọ́ọ̀pù méjì fún ẹ̀yin àti bàbá, ó sì di ìgbà tí ẹ bá jẹun tán.

Ẹ há èyí sórí: “haalu beda”, mi ò fẹ́ mílíìkì nìyẹn. “Bisi neeru” ni omi gbígbóná, òun ni kí ẹ máa béèrè. Ẹ pe ẹni tó ń bu oúnjẹ ní “anna”, ẹ̀gbọ́n ni, á sì dá yín lóhùn kíá.

Bí wọ́n ṣe ń rajà ò le: níbi ìdúró-jẹun, ẹ sanwó, ẹ gba ìwé, ẹ fún ẹni tó ń bu oúnjẹ. Ẹ mú owó kéékèèké dání, torí fóònù ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, ti àlejò kì í sì í sábà gbà. Tí ẹ bá rí “Hotel” lára pátákó, búkà ni o, kì í ṣe ilé ìsùn. Mo ti gbé báàgì wọ ọ̀kan rí. Ẹ sì má jẹ́ kí bàbá bá yín rìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ojú rẹ̀ tán. Eruku ọ̀nà Sampige pọ̀, ọ̀kadà ń gun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ihò sì wà láàárín òkúta tí wọ́n tò síbẹ̀. Kó tó wọ ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti lọ.

Òwúrọ̀ kejì, ẹ lọ sí àdúgbò Basavanagudi àti àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọjọ́. Vidyarthi Bhavan ní Gandhi Bazaar, tó wà láti 1943, kì í ṣí ní Jímọ̀. Ẹ ó rí àwọn agbáwo tó ń to abọ́ dosa jọ gègèrè sápá kan ṣoṣo. Brahmin’s Coffee Bar, ti 1965, kì í ṣí ní Sọ́ńdè. MTR ní ọ̀nà Lalbagh, ti 1924, kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Àwọn ló ní àwọn dá idli tí wọ́n fi sẹ̀mó ṣe sílẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì tí ìrẹsì wọ́n. Mílíìkì kíkan wà nínú ìyẹn, ẹ mú un ní díẹ̀.

Wákàtí méjì tó fún búkà mẹ́ta, bí ẹ bá jáde kí aago mẹ́jọ tó lù tí kì í sì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní ibùdó métrò, ẹ kọ́kọ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀yin àti bàbá. Ní ti ata tí ẹ béèrè, sambar, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ idli, ò le. Òtílí àti àjàgbọn ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n tún máa ń fi ṣúgà pupa díẹ̀ sí i, bàbá tó bá ń jẹ ọbẹ̀ ata nílé ò ní mọ̀ ọ́n lára. Chutney ni ata tútù máa ń ta lẹ́nu nígbà mìíràn, ẹ ní kí wọ́n má rọ́ ọ lé idli bàbá lórí, kí wọ́n bù ú sínú abọ́ ọ̀tọ̀.